Ohun tí kíkọ abẹ́rẹ́ àjẹsára ń ṣe sí ìrìn àjàkálẹ̀ àrùn

Kòrónà tó kọ́kọ́ jà ní 2020, níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti ní ààbò, ẹnì kan á kó o ran nǹkan bí ẹni mẹ́ta, láàárín nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Ká wá ní ó wọ Kàbbà tàbí Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ká sì ní abẹ́rẹ́ ń dáàbò bo mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó gbà á. Bí gbogbo ìlú bá kọ̀ ọ́, ẹnì kan á di mẹ́ta, mẹ́ta á di mẹ́sàn-án; bó bá fi máa pé oṣù kan, tó ti ràn lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹni 729 ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o. Bí 40 nínú 100 bá gbà á, ẹnì kan á wá máa ran nǹkan bí méjì péré, 729 yẹn á sì di nǹkan bí 72. Bí 70 bá gbà á, ó di márùn-ún.

Kí àrùn náà tó kú tán, ìyẹn kí ẹnì kan má lè ran tó ẹnì kan mìíràn, ó di kí 84 nínú 100 gbà á. Nígbà tí oríṣi tó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ dé, tí ẹnì kan wá ń ran mẹ́fà, ìṣirò kan náà ń béèrè 104 nínú 100! Ìyẹn ni àwọn kan ṣe ń sọ pé abẹ́rẹ́ náà kò wúlò mọ́. Ó wúlò o: ẹni tó gbà á lè kó àrùn náà, àmọ́ kì í sábà gbé e dé ilé ìwòsàn. Nígbà àjàkálẹ̀ náà, àwọn tó kọ̀ ọ́ ló pọ̀ jù lórí bẹ́ẹ̀dì, tí sílíńdà ọ́síjìn kan náà tí ọmọ tí òtútù àyà ń bá jà nílò sì ń tán sí wọn lára.

Iye àpapọ̀ àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ní ìpínlẹ̀ kan máa ń tanni jẹ, torí kíkọ̀ kì í tàn ká dọ́gba. Agboolé kan á kọ̀ ọ́ pátá, ìjọ kan náà á kọ̀ ọ́, pàápàá níbi tí gómìnà Kogí ìgbà náà, Yahaya Bello, fúnra rẹ̀ ti bu ẹnu àtẹ́ lù ú ní gbangba ní oṣù kìíní 2021. Irú ibẹ̀ ni àrùn máa ń fi ṣe ibùdó, tí tírélà sìmẹ́ǹtì láti Obajana á sì gbé e jáde. Nígbà tí Kánò dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró láàárín 2003 sí 2004, kòkòrò tó ti àríwá Nàìjíríà jáde dé nǹkan bí ogún orílẹ̀-èdè.

Kíkọ̀ tún ń dí ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ń lo AstraZeneca, ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ kòrónà, ẹni mẹ́wàá ni ìgò kan wà fún; bí wọ́n bá ti ṣí i, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́fà lọ. Bó bá jẹ́ ẹni mẹ́rin ló wá sí ìbùdó ìlera abúlé, nọ́ọ̀sì á da ti ẹni mẹ́fà nù, tàbí kó ní kí àwọn mẹ́rin náà padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ kì í padà wá.