Èwo Ló Yẹ Kó Ṣáájú? Títo Àyípadà Lára Ọkọ̀ Tí À Ń Gbé Jáde Lójoojúmọ́ n'Íbàdàn

Ní Ìbàdàn, ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ débi pé ó ń yí ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà padà kì í sábà ní ọkọ̀ méjì. Ọkọ̀ tó ń fẹ́ kí ó sáré sí i, tàbí kí ó dùn ún wò sí i, náà ló ń gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Bódìjà láàárọ̀, òun náà ló sì ń gun òkè Mọ́kọ́lá nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá tú u palẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó gbọ́dọ̀ ti dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́. Ìdí nìyí tí ètò fi ṣe pàtàkì tó owó tí a fẹ́ ná: àyípadà kan náà lè ṣe ọkọ̀ láǹfààní bí ó bá bọ́ sí àkókò rẹ̀, kí ó sì di òfò bí ó bá ṣáájú èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé.

Ìlànà méjì ló ń darí ètò náà. Àkọ́kọ́ ni pé ohun tó ń ru ẹrù gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun tó ń dá kún ẹrù. Bíréèkì, táyà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ (ìyẹn ṣọ́kì, sípíríǹgì àti ohun tó so wọ́n mọ́ ọkọ̀), wáyà àti ohun gbogbo tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ló ń ru ẹrù. Agbára ẹ́ńjìnnì, rímù ńlá àti ẹ̀rọ orin ló ń dá kún un. Èkejì ni pé, bí iṣẹ́ kan bá máa mú kí a tú òmíràn, kí a kọ́kọ́ ṣe èyí tó ń tú òmíràn, tàbí kí a ṣe méjèèjì pọ̀ nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Lára ọkọ̀ tí bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì ń yí pọ́ǹpù omi, ẹni tó pààrọ̀ bẹ́líìtì tó sì fi pọ́ǹpù àtijọ́ sílẹ̀ yóò san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà lójú títì ìlú yìí ló jẹ́ tòkunbọ̀, tòkunbọ̀ kì í sì í sábà bá ìwé tó sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí wá. Kí a tó fi nǹkan tuntun kún un, ó yẹ kí a kọ́kọ́ dá a padà sí ipò tí àwọn tó ṣe é fi í sí. Kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n fi irin gbọ́n àwọn búṣìn (rọ́bà oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀) àti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì (oríkèé onírin rẹ̀) wò. Kí rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò ka ohun tí bréènì bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ti kọ sílẹ̀. Kí a sì fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yọ wò lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀sẹ̀ méjì wà láàárín. Wíwò ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Toyota Corolla ti ọdún 1998 sí 2002 tó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, fún àpẹẹrẹ, ni a mọ̀ mọ́ jíjẹ ọ́ìlì, nítorí pé ihò kéékèèké tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì rẹ̀ máa ń dí. Bí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ bá ti ń jẹ ọ́ìlì, owó tí a bá ná lórí agbára rẹ̀ kò ní í pẹ́ di èéfín.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ìtutù ẹ́ńjìnnì ló kàn, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló sì gùn jù, nítorí pé àṣà búburú kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gbóná lẹ́ẹ̀kan péré ní Ìwó Road, ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á yọ témọ́sítáàtì dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa ti gbóná jù fún un. Témọ́sítáàtì jẹ́ ìlẹ̀kùn kékeré kan tí ìda inú rẹ̀ máa ń wú, tí yóò sì ṣí i, nígbà tí omi bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kí ó tó ṣí, omi inú ẹ́ńjìnnì kì í gba inú redíétọ̀ kọjá, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè dé ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí í ṣe nǹkan bí ìwọ̀n 90. Bí a bá yọ ọ́, omi á máa gba redíétọ̀ láti ìgbà tí a bá ti tan ọkọ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Èkó, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí redíétọ̀, ẹ́ńjìnnì á sì tutù ju bó ti yẹ lọ. Séńsọ̀ á sọ fún bréènì bọ́ọ̀sì pé ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná, òun náà á sì máa bu epo sí i bí ẹni pé àárọ̀ kùtùkùtù ni. Epo á máa tán kíákíá, ọ́ìlì kò sì ní í gbóná tó láti lé omi tó ń kó sínú rẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ tí sún-kẹrẹ bá tún ká a mọ́ Ìwó Road, yóò tún gbóná, torí pé redíétọ̀ tó dí tàbí fáànù tí kò yí ni àrùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ohun tó yẹ ni pé kí a fọ redíétọ̀ tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀, kí a yẹ ìdérí rẹ̀ wò, nítorí pé ìfúnpá tí ìdérí náà ń dì mú ni kì í jẹ́ kí omi tètè hó, kí a wo fáànù àti ríléè tó ń tan iná sí i, kí a dá témọ́sítáàtì padà, kí a sì lo kúláǹtì, èròjà olómi tí wọ́n ṣe fún ìtutù ẹ́ńjìnnì, tí a pò dọ́gba mọ́ omi mímọ́ tí kò ní iyọ̀, dípò omi kànga. Bí gbogbo èyí bá ti parí, kí a mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọkọ̀ náà wọ sún-kẹrẹ ọ̀sán, kí ẹ̀rọ amúlétutù wà ní títàn. Bí ọwọ́ tó ń sọ ìwọ̀n ooru kò bá kúrò lójú kan, a lè máa ronú nípa àfikún ẹrù.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3, irú ọ́ìlì bíréèkì kan, tó jẹ́ tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé ìwọ̀n 205, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ̀ ọ́, òṣùwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ fún un já wálẹ̀ sí 140. Ẹni tó gbé èrò mẹ́rin, tó ń ti Òkè Àrẹ̀mọ sọ̀ kalẹ̀, tó sì ń tẹ bíréèkì léraléra, lè dédé rí i pé ó rọ̀ mọ́ òun lẹ́sẹ̀. Ọ́ìlì tuntun, páàdì ojúlówó àti díìsìkì tó tẹ́jú máa ń tó fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bíréèkì ńlá dandan, kí ó ti pinnu ìwọ̀n rímù rẹ̀ kí ó tó rà á, torí pé kálípà ńlá, irin tó ń fún páàdì mọ́ díìsìkì, lè má wọ inú rímù ínǹṣì 15.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń ṣáájú táyà, táyà ló ń ṣáájú aláyìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kí ó lè dúró gún. Búṣìn tó ti jẹ máa ń jẹ́ kí táyà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, táyà tuntun á sì jẹ nínú láàárín oṣù díẹ̀. Aláyìnmẹ́ǹtì tí a bá ṣe kí a tó pààrọ̀ búṣìn, owó tí a jù sínú odò Ògùnpa ni. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń gé sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè sún mọ́lẹ̀. Sípíríǹgì tí a gé máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣọ́kì tí a ṣe fún ti tẹ́lẹ̀ kì í sì í kápá rẹ̀. Ó tún lè fò kúrò ní ìjókòó rẹ̀ nígbà tí táyà bá rọ̀ sínú kòtò. Ní ìlú tí bọ́ǹpù tí àwọn ará àdúgbò fi ọwọ́ ara wọn mọ pọ̀ tó báyìí, kí ọkọ̀ ga díẹ̀ kò burú rárá. Bí ó bá di dandan kí ó wálẹ̀, kí a ra sípíríǹgì àti ṣọ́kì tí wọ́n ṣe fún ara wọn.

Ìṣirò kékeré kan ló ń yanjú ọ̀rọ̀ rímù. 195/65R15 túmọ̀ sí pé táyà náà fẹ̀ tó mìlímítà 195, pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, àti pé rímù rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 15. Láti òkè dé ilẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 634. 205/55R16 jẹ́ 632, nítorí náà ìwọ̀n eré tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń kà kò ní í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. 215/45R17 jẹ́ 625. Òun náà ṣì ṣeé gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ táyà ti dín kù láti nǹkan bí mìlímítà 127 sí 97, rímù ni yóò sì máa gba ohun tí rọ́bà ìbá gbà nínú kòtò Ọ̀jọ́ọ̀. Rímù 16 ló bọ́gbọ́n mu jù fún ìlú yìí. Kí a sì wo ọjọ́ orí táyà kí a tó sanwó: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tí wọ́n tẹ̀ sára táyà ló ń sọ ọ́, 2319 sì túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Òfin Nàìjíríà kọ̀ kí a kó táyà àlòkù wọlé, síbẹ̀ ó kún ẹ̀gbẹ́ títì.

Ẹ̀rọ orin ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ó dúró de bátìrì àti wáyà. Amplifier, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn orin ròkè, tó ń gba 1,000 wáàtì láti inú iná fóòtì 12 ń fẹ́ ju 80 áńpíà lọ, èyí tó lè gbé gbogbo iná tí alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná, ń mú wá nínú ọkọ̀ kékeré, láì tíì ka fáànù, iná iwájú àti bréènì bọ́ọ̀sì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí bátìrì máa fi nǹkan bí fóòtì 13.8 sí 14.4 hàn, bí ó bá ń já wálẹ̀ nígbàkígbà tí orin bá lù, a ti ju ẹrù lé e lórí. Wáyà tí wọ́n kàn lọ́ pọ̀, tí wọ́n wé ní ọ̀rá, tí kò sì gba inú fíúsì kọjá, ló ń jó ọkọ̀.

Agbára ẹ́ńjìnnì ló kẹ́yìn nínú iṣẹ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn má nílò rẹ̀ mọ́ nígbà tó bá débẹ̀, torí pé ọkọ̀ tí plọ́ọ̀gì rẹ̀ tuntun, tí fílítà rẹ̀ mọ́, tí bíréèkì rẹ̀ kò sì há, máa ń já fáfá ju bí olówó rẹ̀ ti rò lọ. Àwọn tó ń gbé páìpù afẹ́fẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ bọ́ńpà kí ó lè fa atẹ́gùn tútù gbọ́dọ̀ rántí ìlú tí wọ́n wà: Ògùnpa ya wọ ìgboro ní 1980, àgbàrá sì tún gbé ọkọ̀ lọ ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Omi kì í ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí páìpù bá fa á dé inú sìlíńdà, irin tó di písítìnì mú ni yóò tẹ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì odindi, kí ó tún ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ṣe pẹ̀lú, torí pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀dà ló gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, kí spánà má baà họ ọ́, ṣùgbọ́n dídípẹtà kì í dúró de ẹnì kankan: kí pánẹ́ẹ̀lì bítà gé ibi tó ti jẹ kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Àwọ̀ tuntun náà gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé ọkọ̀.

Láàárín iṣẹ́ kan àti èkejì, kí a wa ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Bí a bá pààrọ̀ ṣọ́kì, rímù àti bíréèkì lọ́jọ́ kan náà, tí ariwo kan sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, mẹ́ta ni a ó tú kí a tó rí ẹyọ kan tó ń ké. Kí gbogbo ẹ̀yà tí iṣẹ́ kan fẹ́, títí dé gáàsíkẹ́ẹ̀tì àti nọ́ọ̀tì, ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fi spánà kan ọkọ̀, kí a sì ti gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtijọ́ láti rí i pé wọ́n bá ara wọn mu, torí pé ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ní ọjà Gate kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀yà àtijọ́ tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, kí a má tètè tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kí ó wà nínú búùtù tàbí nínú ilé títí tuntun yóò fi lo oṣù kan, nítorí òun ni yóò gbé ọkọ̀ délé iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé bí tuntun náà bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́.