Ṣé lóòótọ́ ni pé fáàfù kò jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ rí iṣẹ́ gidi ṣe?

Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ pé kí wọ́n tó tan kọ̀ǹpútà onífáàfù tán, ọ̀kan nínú fáàfù rẹ̀ á ti jó. Ìgò kékeré inú rédíò àtijọ́ yẹn ni fáàfù: wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ á sì pọ́n yòò.

Ìṣirò ló bí ìgbàgbọ́ yìí. ENIAC, kọ̀ǹpútà onífáàfù tí Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà fi han aráyé lọ́dún 1946, ní fáàfù bí 18,000. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń lo 1,000 wákàtí kó tó kú, a jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta lọ̀kan á máa kú. Ta ló fẹ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣírò nǹkan kan parí?

Ṣùgbọ́n ẹ rántí gílóòbù àtijọ́, èyí tí iná rẹ̀ máa ń pupa. Ìgbà wo ló sábà máa ń jó? Kì í ṣe ìgbà tó ti ń tàn bọ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ tẹ súìṣì báyìí, ó tàn wàì, ó sì kú. Wáyà tó tutù kì í fi bẹ́ẹ̀ dí iná lọ́nà, iná á kàn rọ́ wọ inú rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fáàfù rí.

Ẹnu iṣẹ́ tẹlifóònù ni Tommy Flowers ti rí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé fáàfù tí wọn kì í pa máa ń pẹ́. Àwọn kan ò gbà á gbọ́. Ó ṣáà kó nǹkan bí 1,600 jọ sínú Colossus, ẹ̀rọ ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1944 lórí ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ọmọ ogun Jámánì ní Bletchley Park, ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń tú àṣírí ọ̀tá nígbà ogun.

Fáàfù rédíò lásán ló pọ̀ jù nínú ENIAC. Ọgbọ́n tí J. Presper Eckert, olórí àwọn ẹnjiníà rẹ̀, ta ni pé kò jẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn ru gbogbo ẹrù tí agbára rẹ̀ gbé. Lóòótọ́, níbẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ ni fáàfù ń jó, àmọ́ ìgbà tí wọ́n bá ń tàn án tàbí tí wọ́n bá ń pa á ló ń pọ̀ jù. Nígbà tó yá, ó dín kù sí ẹyọ kan láàárín ọjọ́ méjì. Eckert ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó láti rí ibi tó bàjẹ́. Àwọn apá tó ń ka nọ́ńbà ṣeé fà yọ: wọ́n á fa èyí tó kú jáde, wọ́n á ki òmíràn bọ ibẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ. Lọ́dún 1954, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún 116 wákàtí láìdúró, ọjọ́ márùn-ún ku wákàtí mẹ́rin.