Nọ́ńbà Lásán Ló Wà Lára Páálí Yẹn

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń na fóònù sí ìlà dúdú-dúdú (barcode) tó wà lára páálí bisikíìtì kí wọ́n tó sanwó. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, áàpù kan ti gbé èròjà rẹ̀ jáde sójú fóònù: ìyẹ̀fun, ṣúgà, epo, E322 (ìyẹn lẹ́sítíìnì). Bí wọ́n ṣe ń gbé áàpù náà sórí fóònù kò gba àlàyé. Ohun tó ń bíni nínú ni àwọn tó máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé inú ìlà dúdú-dúdú yẹn ni wọ́n kọ èròjà sí, pé ṣe ni fóònù kàn ń kà á. Irọ́ ni.

Nọ́ńbà 13 péré ló wà níbẹ̀, bíi nọ́ńbà ara mọ́tò. Ẹni tó ka nọ́ńbà mọ́tò tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà Oǹdó kò tíì mọ̀ bóyá iṣu ni wọ́n kó sí búùtù àbí kòkó. Àfi kó béèrè ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti kọ mọ́tò náà sílẹ̀. Ohun tí fóònù ń ṣe nìyẹn: á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á wá gbé èsì wá. Kódà, 615 tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà àwọn ọjà kan kò ní kí Nàìjíríà jẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà ọ̀hún. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀dọ̀ GS1 ti Nàìjíríà, àjọ tó ń pín nọ́ńbà ọjà, ni iléeṣẹ́ náà ti gba nọ́ńbà.

Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ló dùn jù. Ká ní 12 àkọ́kọ́ jẹ́ 615123456789. Ẹ ro ti àkọ́kọ́, ẹ̀kẹta, ẹ̀karùn-ún, ẹ máa fo ọ̀kan-ọ̀kan lọ bẹ́ẹ̀: 6, 5, 2, 4, 6, 8. Ó jẹ́ 31. Ẹ ro àwọn tí ẹ fò: 1, 1, 3, 5, 7, 9. Ó jẹ́ 26; ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, 78. Àpapọ̀ wọn di 109. Ó ku 1 kó pé 110, 1 yẹn ló sì gbọ́dọ̀ jókòó sí ìparí. Bí ọ̀rá ọjà bá rún, tí kámẹ́rà ṣi 5 kà sí 6, ìṣirò kò ní bára mu, fóònù ò sì ní gbà á. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó lè yí padà tí ìṣirò yìí ò ní tú àṣírí rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, láti ìgbà tí fóònù ò tíì ní kámẹ́rà.

Ọ́fíìsì tó ń dáhùn gan-an ni kò dúró ire tó bẹ́ẹ̀. Open Food Facts, ìwé àkọsílẹ̀ oúnjẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Stéphane Gigandet dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 2012, ọwọ́ àwọn èèyàn lásán ló ń kọ ọ́: ẹni tó bá rí ọjà á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́. Bí iléeṣẹ́ bá wá yí èròjà padà láìyí nọ́ńbà, mọ́tò ti di pupa, funfun ṣì ni ìwé ọ́fíìsì ń pè é. Ti àádùn, kókóró, dòdò Ìkirè àti búrẹ́dì bẹ́kìrì àdúgbò tiẹ̀ tún yàtọ̀: mọ́tò tí ò ní nọ́ńbà rárá ni ọ̀pọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn là ń jẹ jù.

Nítorí náà, bí ohun tó wà lójú fóònù bá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tẹ̀ sára páálí, ti páálí ni kẹ́ ẹ mú. Kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, kí wọ́n lè tún tinú ìwé ṣe.