Battery health: kí ni nọ́ńbà yẹn ń sọ nípa bátìrì fóònù yín?

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin ra fóònù tòkunbọ̀ kan. Kó tó sanwó, ó bi ẹni tó ń tà á pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bátìrì rẹ̀ ṣì dáa?" Ọkùnrin náà tan fóònù, ó nàka sí òkè ojú rẹ̀, 100% ló wà níbẹ̀. "Ṣé ẹ rí i? Ó kún bámúbámú." Àbúrò mi sanwó, ó gbé fóònù lọ sílé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi pè mí. Ó ní bí òun bá ti ṣí kámẹ́rà nígbà tó bá ku 27%, fóònù á kú lójijì. Bí òun bá sì fi ṣájà sí i, kì í pẹ́ rárá tó fi ń kún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé fóònù yìí ń purọ́ fún mi ni?"

Fóònù náà kò purọ́. Nọ́ńbà méjì ni bátìrì fóònù ní, èyí tí wọ́n fi hàn án kọ́ ló yẹ kó wò. Nọ́ńbà tó wà lókè ojú fóònù ń sọ bí bátìrì ṣe kún tó ní ìsinsìnyí. Èkejì, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní battery health, tí àwa náà lè pè ní ìlera bátìrì, ń sọ bí iná tí bátìrì náà ṣì lè gbà ṣe pọ̀ tó, bí a bá fi wé ọjọ́ tó jáde nílé iṣẹ́.

Ẹ rántí àmù tí wọ́n ń pọn omi odò sí láyé àtijọ́. Bí wọn kò bá fọ̀ ọ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á máa sin sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àmù náà ṣì ń kún dé ẹnu, ẹni tó bá yọjú wò ó á ní omi wà ńlé, ṣùgbọ́n igbá omi tí èèyàn máa bù níbẹ̀ kò ní tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kíkún dé ẹnu yẹn ni 100% tí wọ́n fi han àbúrò mi. Ààyè tó ṣẹ́kù fún omi ni ìlera bátìrì. Ibi tí àmù ti sàn ju bátìrì lọ ni pé àmù ṣeé fọ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú bátìrì kì í ṣeé fọ̀ kúrò.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò sí i. Lára páálí ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, ẹ máa rí 5,000 mAh. Ìwọ̀n iná tí bátìrì náà lè gbà nìyẹn nígbà tó ṣì wà ní tuntun. Bí ìlera rẹ̀ bá ti wálẹ̀ dé 80%, a jẹ́ pé 4,000 mAh ló kù tó lè gbà. Fóònù á gba 4,000 yẹn, á kọ 100% sókè, òótọ́ ló sì kọ, torí ó ti kún. Ìdí nìyẹn tí bátìrì tó ti gbó fi máa ń tètè kún tí í sì í tètè tán. Inú àwọn kan máa ń dùn pé fóònù àwọn yára gba iná, wọn kò mọ̀ pé ààyè inú bátìrì ló ti kéré.

Kí ló wá ń fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí? Bátìrì inú fóònù wa lónìí, lithium-ion ni wọ́n ń pè é, ilé iṣẹ́ Sony ló kọ́kọ́ gbé e wọ ọjà ní 1991. Ní 2019, wọ́n fún àwọn mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn bí i ní ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ kẹ́místrì: John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino. Ẹni ọdún 97 ni Goodenough nígbà náà, kò sì sí ẹni tó dàgbà tó o tó tíì gba Nobel rí. Nínú bátìrì náà, apá kan jẹ́ graphite, ìyẹn ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù tí àwọn ọmọ fi ń kọ̀wé. Apá kejì jẹ́ àpòpọ̀ irin tí lithium wà nínú rẹ̀. Omi kẹ́míkà sì wà láàárín méjèèjì. Bí ẹ bá fi ṣájà sí fóònù, lithium á kọjá sí ọ̀dọ̀ graphite. Bí ẹ bá ń lo fóònù, á padà síbi tó ti wá. Lílọ bíbọ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ bátìrì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ ló ń bọ̀. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ohun kan bí èépá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti máa ń bo ojú graphite. Ó wúlò, torí òun ló ń dáàbò bò ó, àmọ́ kì í yé nípọn sí i, lithium tó bá sì há sínú rẹ̀ kì í jáde mọ́. Èyí ń ṣẹlẹ̀ kódà bí fóònù bá wà nínú dúrọ́ọ̀ láìlò. Ooru ló sì ń mú un yára jù. Yàtọ̀ sí pé èépá yìí ń dín ààyè kù, ó tún ń dí ọ̀nà. Ìyẹn ló fà á tí fóònù àbúrò mi fi ń kú ní 27%: kámẹ́rà béèrè iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iná wà nínú bátìrì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó máa gbà jáde ti fún, agbára rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, fóònù bá pa ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹ máa bá pàdé, cycle count. Iye ìgbà tí bátìrì ti ná odindi 100% ni. Bí ẹ bá lo 60% lónìí, tí ẹ ṣájì rẹ̀, tí ẹ tún lo 40% lọ́la, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa kà. Nítorí náà, iye ìgbà tí ẹ ti fi ṣájà sí i kọ́ ni wọ́n ń kà. Apple sọ pé bátìrì iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ yẹ kó ṣì ní 80% lẹ́yìn 500 irú rẹ̀. Láti iPhone 15 lọ, 1,000 ni wọ́n sọ.

Lórí iPhone, àyẹ̀wò rọrùn: ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Battery, lẹ́yìn náà Battery Health. Ẹ máa rí Maximum Capacity àti nọ́ńbà iwájú rẹ̀, ìyẹn gan-an ni ìlera bátìrì. Láti iPhone 15, ẹ tún máa rí cycle count àti oṣù tí wọ́n ṣe bátìrì náà. Ìtàn wà lẹ́yìn ojú ewé kékeré yìí. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2017, Apple jẹ́wọ́ pé òun ń dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má baà máa kú lójijì. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú, torí wọn kò sọ fún oníbàárà kí wọ́n tó ṣe é, ẹlòmíràn sì ti lọ ra fóònù tuntun nígbà tó jẹ́ pé bátìrì nìkan ló yẹ kó pààrọ̀. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n dín owó pípààrọ̀ bátìrì kù láti dọ́là 79 sí 29, nígbà tó sì di oṣù Ẹrẹ́nà 2018, iOS 11.3, ìyẹn ètò tó ń darí iPhone, gbé Battery Health jáde fún gbogbo èèyàn. Lójú tèmi, ó yẹ kí gbogbo fóònù ti ní in látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fi owó rẹ̀ ra nǹkan ní ẹ̀tọ́ láti mọ bó ṣe ń gbó.

Ti Android kò rí bákan náà káàkiri. Lórí Samsung, ẹ ṣí áàpù Samsung Members, ẹ wá Phone diagnostics, ẹ tẹ Battery status. Ọ̀rọ̀ ló máa fún yín dípò nọ́ńbà, á ní ó dáa tàbí ó ti rẹ̀. Google Pixel 8a àti àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní Battery health nínú Settings wọn. Fún àwọn tó kù, ẹ wo abẹ́ Battery tàbí About phone bóyá ẹ máa rí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Àwọn èèyàn máa ń sọ fúnra wọn pé kí wọ́n tẹ *#*#4636#*#* bí ẹni fẹ́ pe ènìyàn. Lórí àwọn Android kan, ojú ewé kan máa ṣí, wọ́n á rí Battery health: Good, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n Good yẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí à ń sọ. Ohun tó ń sọ ni pé bátìrì kò gbóná jù, kò tutù jù, kò kú, iná tó wọ̀ ọ́ kò sì pọ̀ jù. Bátìrì tó ti lo ọdún mẹ́rin, tí ààyè inú rẹ̀ ti dín kù jìnnà, lè jókòó síbẹ̀ kó máa sọ Good. Ó dà bí kí a bi arúgbó pé ṣé ibà ń ṣe é, kó ní rárá, ká wá torí bẹ́ẹ̀ gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé e lórí.

Ohun tó sàn ju ìyẹn lọ ni áàpù bíi AccuBattery. Nígbà tí fóònù bá ń gba iná, áàpù náà á máa ka iye tó ń wọlé, á rò ó pọ̀, á sì fi wé iye tí wọ́n kọ sára páálí. Àfojúdíwọ̀n ni o. Ẹ má gba ohun tó bá sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ kó bá yín lo ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí ẹ sì máa jẹ́ kí bátìrì lọ sílẹ̀ dáadáa kí ẹ tó ṣájì rẹ̀, kó lè rí nǹkan tó pọ̀ wọ̀n.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, yálà ní Computer Village n'Ìkẹjà tàbí níbòmíràn, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà nìkan ràn yín lójú. Irinṣẹ́ wà tí àwọn ẹnjiníà fóònù fi ń tún nǹkan kọ sínú bátìrì iPhone, tí èyí tó ti gbó á fi máa sọ 100%. Bí ẹ bá rí iPhone 11 tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì jẹ́ 100%, ẹ ronú: fóònù tó jáde ní 2019! Yálà wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, tàbí wọ́n ti fọwọ́ kan nọ́ńbà náà. Pípààrọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́. Láti iPhone XS àti XR ti 2018, bí bátìrì kò bá jẹ́ ojúlówó, ìkéde kan máa wà nínú Battery Health pé fóònù kò dá a mọ̀. Ẹ tún wo About nínú General bóyá ẹ máa rí Parts and Service History, níbi tí fóònù ń kọ ohun tí wọ́n bá ti pààrọ̀ lára rẹ̀ sí. Bí àyè bá wà, ẹ so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà tó ní 3uTools, ìyẹn áàpù tí wọ́n fi ń yẹ inú iPhone wò, ẹ wo cycle count: bátìrì tó ní 900 cycle, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní 100%, ẹ dá a padà fún wọn.

Kò sì sí irinṣẹ́ tó ju kí ẹ lo fóònù náà níṣojú òǹtajà lọ. Ẹ mú ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ pọ̀ dé òpin, ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ ya fídíò fún ìṣẹ́jú 15 tàbí 20. Bí bátìrì bá ń já wálẹ̀ bí ẹni ń bọ́ lórí àkàsọ̀, láti 60 sí 52 sí 41, ẹ ti rí ìdáhùn. Òǹtajà tó bá ń kánjú yín nígbà tí ẹ ń ṣe èyí ti sọ tẹnu rẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, ooru ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Apple ní kí a máa lo fóònù níbi tí kò gbóná ju 35°C lọ. Ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta máa ń súnmọ́ ọn, a sì máa kọjá rẹ̀ nígbà mìíràn, kí a má tíì sọ ti dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn. Ẹ má ṣájì fóònù lábẹ́ ìrọ̀rí tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Mo mọ̀ pé bí NEPA bá mú iná wá lóru, gbogbo wa la máa ń fi fóònù sílẹ̀ kó kún títí ilẹ̀ á fi mọ́, torí a ò mọ ìgbà tí wọ́n tún máa mú un wá. Bí fóònù yín bá ní àyè tí ẹ ti lè dá a dúró ní 80%, ẹ lò ó láwọn ọjọ́ tí iná bá wà déédéé. Lọ́jọ́ tí kò bá sí, ẹ jẹ́ kó kún. Ìmọ̀ràn pé kí ẹ ṣájì fóònù tuntun fún wákàtí mẹ́jọ, tàbí kí ẹ jẹ́ kó kú pátápátá kí ẹ tó ṣájì rẹ̀, ti bátìrì nickel ayé ìgbà Nokia 3310 ni. Lithium kò fẹ́ kí wọ́n máa ná an tán.

Nígbà tí ẹnjiníà ṣí fóònù àbúrò mi láti pààrọ̀ bátìrì, ó ti wú díẹ̀, bíi búrẹ́dì tí ìwúkàrà ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Gáàsì ló kóra jọ sínú rẹ̀. Irú ìyẹn kò sí nínú nọ́ńbà kankan, ojú la fi ń rí i: ẹ̀yìn fóònù á gbé sókè, tàbí ojú rẹ̀ á fẹ́ yọ kúrò lára fírémù. Bí ẹ bá rí i lára tiyín, ẹ pa fóònù náà, ẹ má fi ṣájà sí i mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó padà, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un kí gáàsì lè jáde, torí ó lè gbiná. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú. Bátìrì tí wọ́n bá sì yọ, ẹ má jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń finá sun.