Bí wọ́n ṣe ń yan ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn jẹ́sì oníkẹ̀kẹ́

Bí ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ológeere ní Àkúrẹ́ bá fẹ́ ta jẹ́sì láti fi kówó jọ fún ìdílé àwọn ológun, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ sí i ló máa ń fa àríyànjiyàn ju àwọ̀ àti iye owó rẹ̀ lọ. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ilé tí owó náà ń lọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò. Ní bárékè Ọ̀wẹnà, níbi tí 32 Artillery Brigade wà, ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ wà lójú ogun ní Borno lè máa gbé nítòsí èyí tí ọkọ tirẹ̀ kò bọ̀ mọ́. Bí jẹ́sì bá ní “Wọ́n á padà wálé”, àdúrà ni fún ti àkọ́kọ́, ọgbẹ́ ni fún èkejì. Ẹ wá kọ “Ẹ kú ará fẹ́ra kù”: èyí tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè á ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, jẹ́sì náà kò sì ní wọlé rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ gbogbo àbá sílẹ̀, tí wọ́n á wá máa pa èyí tó lè dun ẹnìkan rẹ́. Kíkí tí kò dárúkọ ikú tàbí àbọ̀ ló ń ṣẹ́kù. “Ẹ kú ilé o” bá a mu gan-an. Ẹni tó ti ọ̀nà dé ló ń fi í kí ẹni tó ń ṣọ́lé, oníkẹ̀kẹ́ náà sì ṣáà wà lọ́nà. Àlàyé kékeré á wà lábẹ́ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, torí Hausa, Tiv àti Ìgbò pọ̀ ní bárékè.

Òfin àti owó náà ń pa àbá. “Gbogbo owó yìí, ti opó ni” ti di irọ́ bí wọ́n bá yọ owó aránṣọ nínú rẹ̀. Àwọ̀ aṣọ sójà kò ṣeé fi ṣe ẹ̀ṣọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin kí ará ìlú wọ aṣọ ológun láìgbàṣẹ. Ìlà pupa, búlúù dúdú àti búlúù ojú ọ̀run, fún ọmọ ogun ilẹ̀, ti omi àti ti òfurufú, tó.

Oníkẹ̀kẹ́ máa ń tẹ̀ síwájú, síìpù sì ń la àyà jẹ́sì sí méjì, nítorí náà ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ ń wà, lókè àwọn àpò. Mọ́tò tó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan lójú ọ̀nà Iléṣà ń jẹ nǹkan bíi mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò lè ka gbólóhùn gígùn. Wọ́n á kọ ọ́ sórí ìwé, wọ́n á fi pín-ìnnì so ó mọ́ ẹ̀yìn ẹnìkan, kó gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú ẹni tó dúró sétí títì, kí wọ́n bi onítọ̀hún ohun tó rí kà.

Ooru tó tó 200°C ni wọ́n fi ń tẹ àwọ̀ wọnú aṣọ polyester kí wọ́n tó rán an, kò sí pé wọ́n á nù ún kúrò. Ẹni tó mọ àmì ohùn gbọ́dọ̀ wo àpẹẹrẹ rẹ̀ lórí ìwé ná, torí kọ̀ǹpútà máa ń jẹ àmì abẹ́ ọ. Kí wọ́n má sì kọ ọdún sí i: ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, ń padà wá lọ́dọọdún, èyí tó bá ṣẹ́kù á tà nígbà náà.