Ọjọ́ Wo Lẹ Ra Á?

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì mi ní Sábó, ní Ìkòròdú níbí, ó jókòó, ó nu òógùn ojú, ó wá na fóònù rẹ̀ sí mi. "Àńtí Inṣọ́ránsì, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní mi ò lè rí kọ́bọ̀ gbà nínú owó ọkọ̀ òkun tí mo san." Mo fi ìka méjì fẹ ojú ìwé náà. Nísàlẹ̀ iye owó, lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tó kéré bí ọmọ inú ata, àwọ̀ eérú ni wọ́n fi kọ ọ́: non-refundable, owó yìí kò ṣeé gbà padà. Kì í ṣe àná ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀.

Ẹni kẹrin rèé láàárín oṣù méjì. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, ohùn mi ti ń ha.

Mo mọ̀ pé kúrúùsì ti wọ̀ wá lọ́kàn. Dípò ká gba gbọ̀ngàn, ká se ìrẹsì fún ẹgbẹ̀ta èèyàn tí yóò padà wá sọ pé ẹran kò kan àwọn, àwọn ọmọ á da owó jọ, wọ́n á gbé màmá tó pé àádọ́rin ọdún wọ ọkọ̀ òkun ní Barcelona tàbí Miami, kó lọ gba atẹ́gùn fún ọjọ́ méje. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀ tàbí irú yàrá tí ẹ ó mú. Ọmọ yín á bá yín tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Ohun tí kì í sọ fún yín ni pé owó náà ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀.

Àsansílẹ̀ tí ẹ kọ́kọ́ san yẹn, torí pé ẹ gbà pé kò ní padà ni wọ́n ṣe bá yín dín in kù. Ẹni tó fẹ́ kí tirẹ̀ ṣeé gbà padà ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá wá ku nǹkan bí ọjọ́ 120 sí 60 kí ọkọ̀ ṣí, ẹ ó san ìyókù. Láti ibẹ̀ lọ, wọ́n á máa gé e díẹ̀díẹ̀. Ẹ fagi lé e lónìí, wọ́n mú ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ dúró díẹ̀ sí i, wọ́n mú ààbọ̀. Nígbà tó bá fi ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ti mú gbogbo rẹ̀. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní iye ọjọ́ tirẹ̀, ẹ ka tiyín. Owó orí èbúté nìkan ló sábà máa ń padà wá, bíńtín sì ni nínú rẹ̀.

Bàbá ní òun ní inṣọ́ránsì. Ó fà á yọ nínú fáìlì: ìwé tó fi wá físà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwé yẹn ti sú mi. Òfin físà Schengen (àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan ṣoṣo) ti ọdún 2009 ló ní kí arìnrìn-àjò ní ìwé tó tó 30,000 yúrò, ó kéré tán, fún ìtọ́jú pàjáwìrì àti fún gbígbé aláìsàn tàbí òkú wálé. Ilé ìwòsàn ni ìwé yẹn ń bá sọ̀rọ̀. Kò mọ ọkọ̀ òkun kankan rí. Àwọn kan nínú wọn ní ìlà kan fún ìfagilé ìrìn-àjò; ẹ fi ìka tọ ìlà yẹn dé òpin, kí ẹ wo iye tó wà níbẹ̀, kí ẹ wá fi wé iye tí ẹ san fún ọkọ̀. Bàbá fi ìka wá tirẹ̀ títí. Kò sí ìlà náà níbẹ̀ rárá.

Ohun tó sì bá a gan-an ni pé wọn ò fún ìyàwó rẹ̀ ní físà. Ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò kì í sanwó nítorí físà tí wọn ò fún yín. Kí ló wá dé tí ẹ fi san gbogbo owó tán kí ẹ tó lọ kọ fọ́ọ̀mù? Schengen gbà kí ẹ mú ìwé wá láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ń dáhùn, ó sì lè fà dé 45. Oṣù mẹ́fà gbáko! Síbẹ̀ ó máa ń ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó rántí. Ẹ tún wo ibi tí ọkọ̀ ń yà sí. Bó bá ṣí ní Barcelona, tó yà sí Tunis tàbí Kusadasi, tó tún ń padà sí Barcelona, ẹ ti jáde kúrò ní Schengen, ẹ sì tún fẹ́ wọlé. Físà ẹlẹ́ẹ̀kan kò lè gbé yín débẹ̀, láti orí ilẹ̀ ni wọ́n á ti dá yín dúró. Ìyẹn kì í ṣe àgbákò. Àìkàwé ni, kò sì sí adójútòfò fún un.

Àwọn tó fẹ́ gbọ́n a máa fọwọ́ sí inṣọ́ránsì tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn ń tà lórí ìkànnì. Ó dáa, bí ẹ bá ń gbé Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú wọn, ẹni tó ń gbé ìlú tí wọ́n ti ń tà á ló wà fún. Ẹni tó ń gbé Ìgbógbó, tó wá fi àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Houston kún fọ́ọ̀mù, ojú ewé kìíní ló ti pa irọ́, ojú ewé kìíní yẹn náà sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí lọ́jọ́ tó bá wá béèrè owó.

Ibi tí mò ń bọ̀ rèé. Bí wọ́n bá gbé ìwé adójútòfò wá bá mi, ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò, kí n tó wo iye owó. Ọjọ́ wo lẹ san àsansílẹ̀? Ọjọ́ wo lẹ ra ìwé? Bí ọjọ́ méjèèjì bá jìnnà síra, àyà mi a já. Ààbò ìfagilé kì í dúró de ọjọ́ tí ọkọ̀ máa ṣí kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgbà tí ẹ bá ti rà á ló ti ń ṣọ́ owó yín. Ẹni tó dúró di ọ̀sẹ̀ ìrìn-àjò ti fi owó rẹ̀ sí ìta gbangba fún oṣù márùn-ún. Lára àwọn ìwé tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, èyí tó máa gbójú fo àìsàn tó ti wà lára yín tẹ́lẹ̀, láàárín ọjọ́ 14 sí 21 lẹ́yìn àsansílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ ra á. Èyí tó gbà yín láàyè láti fagi lé e nítorí ohunkóhun, títí kan "kò wù mí lọ mọ́", òun náà ní gbèdéke bẹ́ẹ̀, ó wọ́n jù, ààbọ̀ sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó yín ló sì sábà máa ń dá padà.

Ẹ lọ sí Èbúté láàárọ̀, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọ bóòtì. Ẹ wo àwọn arábìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe irun: ìka méjì ni wọ́n fi ń di life jacket mú, wọ́n á yínmú, torí ó tutù, ó sì ń rùn bí aṣọ tí a kò sá. Ṣùgbọ́n ọmọ bóòtì ò ní tú okùn títí wọn á fi wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé kó máa lọ ná, bí omi bá wọ bóòtì òun á wọ̀ ọ́. Èmi ni wọ́n ń sọ irú ẹ̀ fún. Ní February 2020, nígbà tí wọ́n há èèyàn tó lé ní 3,700 mọ́ inú ọkọ̀ kúrúùsì Diamond Princess ní Yokohama, ní Japan, tí àrùn Kòrónà mú ẹni tó lé ní 700 nínú wọn, oníbàárà mi mẹ́ta tó ti sanwó kúrúùsì pè mí láàárín ọjọ́ kan pé àwọn fẹ́ ra ìwé. Ohun tí gbogbo ayé ti gbọ́ lórí rédíò kì í ṣe àgbákò mọ́. Ìròyìn ni.

Ẹ má sì sọ pé kí n kọ ìwé ná, pé tó bá di ìparí oṣù ẹ ó san. Ìpín 50 òfin adójútòfò ọdún 2003 ti pa àwìn rẹ́ tipẹ́, láti ọjọ́ kìíní oṣù January 2013 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ iṣẹ́ adójútòfò, sì ti fọwọ́ líle mú un; òfin tuntun ọdún 2025 tó rọ́pò rẹ̀ ò sì dá àwìn padà.

Ọ̀rọ̀ àìsàn ló kù. Ìyá kan di etí méjèèjì nígbà tí mo ka ìlà ikú ẹbí fún un. "Ẹ má bá mi pe ibi. Ikú kì í ṣe ìpín mi." Mo ní, Mọ́mì, kì í ṣe ìpín tèmi náà, àmọ́ ìlà kẹta ló wà. Mo bi òmíràn bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ó ní kò ru, pé ó kàn máa ń ga díẹ̀ ni. Ó wá tọrọ omi lọ́wọ́ mi, ó ṣí báàgì, ó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójú mi kòrókòró! Bí ẹ bá fi pamọ́ fún mi, ẹ ò lè fi pamọ́ fún káàdì ilé ìwòsàn yín, torí wọ́n máa béèrè fún un.

Àwọn ajẹntì orí WhatsApp ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ní ìwé tó ń "gbé gbogbo ẹ̀", títí kan físà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà nínú iṣẹ́ yìí, mo jókòó ṣe ìdánwò CIIN, ti ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà, nígbà tí oyún oṣù méje wà nínú mi, mi ò tíì rí ìwé tó ń gbé gbogbo ẹ̀. Ẹnì kan gbé irú rẹ̀ wá. Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀, ẹni tó gbé e ní òun ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́, pé kílò mélòó la fẹ́.

Síbẹ̀, ẹni tó dùn mí jù kì í ṣe òmùgọ̀. Ó san àsansílẹ̀ ní Monday, ó ra ìwé gidi lọ́wọ́ mi ní Thursday ọ̀sẹ̀ kan náà, ó sọ gbogbo àìsàn rẹ̀ títí dé àrùn jẹ̀díjẹ̀dí. Òun àti ìyàwó rẹ̀, 5,200 dọ́là, ogún ọdún ìgbéyàwó. Nígbà tó ku ọjọ́ 50 kí ọkọ̀ ṣí, kẹ̀kẹ́ Màrúwà gbá a ní Agric, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Dókítà kọ lẹ́tà lọ́jọ́ náà gan-an: kò gbọ́dọ̀ rìnrìn-àjò fún oṣù méjì. Ká ní ó pè mí lọ́jọ́ yẹn, ààbọ̀ ni iléeṣẹ́ ọkọ̀ máa mú, adójútòfò á sì san ààbọ̀ yẹn fún un. Ọ̀rọ̀ á parí.

Kò pè mí. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ atóeegun kan tó ní ọjọ́ mọ́kànlélógún ni òun fẹ́, pé ẹsẹ̀ náà á jó lórí ọkọ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún pé, ẹsẹ̀ ò lè tẹlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ mú un dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ààwẹ̀ ọjọ́ méje lé e. Èmi náà ń gbàdúrà, kí ẹnikẹ́ni má kọ̀wé sí mi. Àmọ́ ẹ lè fagi lé ọkọ̀ kí ẹ sì máa gbàdúrà lọ! Nígbà tó fi pè mí, ó ku ọjọ́ 22, iléeṣẹ́ ọkọ̀ sì ti mú gbogbo owó.

Mo kó ìwé rẹ̀ jọ, mo fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ adójútòfò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí padà: ọjọ́ wo ni dókítà ní kó má lọ? Kò sí bí mo ṣe lè dáhùn rẹ̀ tí kò ní dun èèyàn, torí ó wà lórí lẹ́tà, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Wọ́n san 2,600, ohun tí ì bá pàdánù ká ní ó fagi lé e lọ́jọ́ tí ó mọ̀. Ìwé àdéhùn sọ bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi ni mo kà á fún un lọ́jọ́ tó rà á, ó ń mi orí. 2,600 kejì, atóeegun àti ààwẹ̀ ló jẹ ẹ́.

Ó ti ń rìn báyìí. Ní Tuesday, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀pá gun àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélógún wá sí ọ́fíìsì mi, ó ń mí hẹlẹ, láti wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun sọ fún dókítà kó yí ọjọ́ orí lẹ́tà náà padà. Mo ní kó jókòó. Mo fún un ní omi tútù.