Kì í ṣe oòrùn ló ń lé òṣìṣẹ́ bàálù kiri

Ní Abẹ́òkúta níbí, bí ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú bàálù bá ti délẹ̀, ìbáà ṣe níbi ìkómọjáde, ìbáà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Paǹṣẹ́kẹ́, ẹnì kan á ṣáà sọ ọ́: "Wọ́n ti sún mọ́ oòrùn jù, rédíéṣọ̀n oòrùn á ti wọ̀ wọ́n lára." Ẹlòmíì á wá bá wọn wá ọ̀nà àbáyọ lọ́fẹ̀ẹ́: kí wọ́n máa fò lóru. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.

Pé rédíéṣọ̀n, ìyẹn agbára tí ojú kì í rí tó lè wọnú ara, wà lókè, òótọ́ ni, èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Òṣìṣẹ́ bàálù ń gbà á ju àwa tí a wà nílẹ̀ lọ. Ibi tó ti ń wá ni wọ́n ṣì mú.

Bàálù ńlá máa ń fò ní nǹkan bíi kìlómítà 10 sí 12 sókè. Oòrùn wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà sí wa. Ká ní ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó ni ọ̀nà oòrùn, gbogbo òkè tí bàálù gùn kò tó ìbú èékánná ọmọńdinrín. Tó bá sì jẹ́ sísúnmọ́ oòrùn ni, kí ló dé tí ìta bàálù lókè yẹn fi ń tutù ju yìnyín lọ fíìfíì?

Afẹ́fẹ́ ló dín kù lókè. Àwọn wóró tíntìntín kan, tí irú tí wọ́n ń pè ní proton pọ̀ jù nínú wọn, ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn réré, láàárín àwọn ìràwọ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé ìràwọ̀ tó bú gbàmù ló ń ju ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde. Bí wọ́n bá kọlu afẹ́fẹ́ lókè, wọn á fọ́ ọ, wóró tí wọ́n ń pè ní neutron àti àwọn wóró mìíràn á tú jáde. Àwọn ni rédíéṣọ̀n tí à ń sọ. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 10. Òun ló ń gbà wá. Ní kìlómítà 11, ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin afẹ́fẹ́ náà tó ti wà lábẹ́ bàálù. Ojú fèrèsé tí wọ́n ń fà wálẹ̀ yẹn kò lè dí àlàfo náà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ òru. Ìyá kan ládùúgbò wa, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń bá bàálù ṣiṣẹ́, ó ní kó lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀ kó máa fi í sí ti òru. Mo ní, "Mà, kò sí ìyàtọ̀." Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń rí oòrùn lóru?" Mo ní kò sẹ́ni tó ń rí i, àmọ́ ohun tí à ń sọ kò dúró de oòrùn. Ó wò mí títí, ó ní kí n lọ jẹun.

Ọ̀rọ̀ yìí ti parí láti 1912. Victor Hess, onímọ̀ físíìsì ará Austria, gun bàlúùnù ńlá lọ sókè léraléra pẹ̀lú irinṣẹ́ tó ń wọn rédíéṣọ̀n. Lóṣù kẹrin ọdún náà, ó gòkè nígbà tí òṣùpá bo oòrùn: ohun tó ń wọ̀n kò dín kù. Ó gòkè lóru: kò dín kù. Lóṣù kẹjọ, ó dé òkè tó lé ní mítà 5,000, ibẹ̀ ló ti rí i pé ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1936. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, a ṣì ń wá bàálù òru kiri.

N kò sọ pé ọwọ́ oòrùn mọ́ pátápátá o. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń bínú, a sì máa tú wóró tirẹ̀ jáde, pàápàá síhà òpin ayé méjèèjì, ní àríwá àti ní gúúsù. Ṣùgbọ́n lásìkò tí iṣẹ́ rẹ̀ bá le jù, nínú ìyípo ọdún 11 rẹ̀, ńṣe ló máa ń ti púpọ̀ nínú àwọn wóró tó ń ti òkèèrè bọ̀ sẹ́yìn. Ẹ lọ ṣàlàyé ìyẹn fún onídìrí.

Ibi tí bàálù gbà ṣe pàtàkì ju aago tó gbéra lọ. Agbára òòfà ilẹ̀ ayé ń yí àwọn wóró wọ̀nyí dànù, ìtòsí ilà agbedeméjì ayé, níbi tí a wà yìí, ló sì ti ń yí wọn dànù jù. Ní ìhà wa, wákàtí kan lókè jẹ́ nǹkan bíi microsievert 2 sí 3 (sievert ni wọ́n fi ń wọn rédíéṣọ̀n tó wọ ara; microsievert 1,000 ló wà nínú millisievert kan). Ní ìhà àríwá Yúróòpù, ó lè tó 5 tàbí kó lé. Nítorí náà, ẹni tó ń fò Èkó sí Àbújá àti ẹni tó ń fò lọ sí Amẹ́ríkà kò jọ gbà á bákan náà. Lọ́dún, millisievert 2 sí 5 ni wọ́n sábà máa ń kà fún òṣìṣẹ́ bàálù. Gbogbo ènìyàn inú ayé, tí a bá pín in dọ́gba, ń gba nǹkan bíi 2.4 látinú ilẹ̀, afẹ́fẹ́, oúnjẹ àti òfuurufú. Àpáta tí àwa ọmọ Ẹ̀gbá fi ń yangàn náà ní uranium àti thorium tirẹ̀ nínú, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ìyẹn.

Ṣé ó ń fa àìsàn? Àwọn ìwádìí kan rí i pé jẹjẹrẹ awọ ara àti ti ọmú pọ̀ sí i láàárín àwọn òṣìṣẹ́ bàálù. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà kì í sùn dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn ń fò lọ síbi tí aago ti yàtọ̀ sí ti ilé, wọ́n sì ń yá oòrùn létí òkun nígbà ìsinmi. Bóyá rédíéṣọ̀n wà níbẹ̀, bóyá kò tó nǹkan. Ẹni tó bá ní ó dá òun lójú, ẹ bi í bó ṣe yọ òru àìsùn kúrò nínú ìṣirò rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ bàálù tó bá lóyún ni kó má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìmọ̀ràn ICRP, àjọ àgbáyé tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ààbò kúrò lọ́wọ́ rédíéṣọ̀n, ni pé, látìgbà tí obìnrin bá ti sọ fún ilé iṣẹ́ pé òun lóyún, ohun tí ọmọ inú máa gbà títí di ìbí kò gbọdọ̀ lé ní millisievert 1. Kì í ṣe bájì àyà tó ń wọn rédíéṣọ̀n ni wọ́n sábà fi ń mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò rẹ̀ látinú ọ̀nà tí bàálù gbà àti bó ṣe ga tó. Kó tètè sọ, kó sì bèèrè iye tí wọ́n ṣírò fún òun. Sítíkà "agbógunti rédíéṣọ̀n" tí wọ́n ń tà káàkiri, àti àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ̀ ọ́ kúrò lára, kí ó fi owó wọn ra ẹja.